Kọ̀rọ̀ Ìyàwó Wa

"Dìde ńlẹ̀, ọmọ yìí! A kì í jókòó sójú kan túmọ̀ ọ̀rọ̀."

Màmá Àgbà ti ju bírò sílẹ̀, wọ́n ń wá ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn. Òórùn ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀fun mi ń dá tòló, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a ò ní jẹun títí lẹ́tà yẹn á fi parí.

Ojúlé kejì sí tiwa ni Màmá Àgbà ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kúbà ni bàbá àgbà wọn ti padà wálé, èdè Sípáníìṣì ò sì kúrò nínú ilé wọn. Ìyá mi, tó ń ta léèsì ní Balógun, ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Sípéènì, tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ọmọ ìyàwó ti pé ọdún kan, ìyá mi ò tíì fojú kàn án. Ẹ̀rù ń ba ìyàwó pé kò ní sí àyè fún òun àti ọmọ nínú agbo ilé wa tó kún.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ lédè Òyìnbó, pé a ti fi kọ́nà kan sílẹ̀ dè wọ́n. Ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì àkọ́kọ́ tí mo rí fún kọ́nà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni mo mú, esquina, mo wá ń yan bí ọ̀gá.

Màmá Àgbà mú mi lọ síbi tí òpópónà wa ti yà. Ọ̀kadà ń fọn fèrè, oníbọ̀ọ̀lì ń fẹ́ná.

"Ibí là ń pè ní esquina. Ṣé ibí ni ìyàwó yín á tẹ́ ọmọ sí?"

Oníbọ̀ọ̀lì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àmọ́ èmi náà rẹ́rìn-ín. "Rárá, mà."

A padà sí yàrá wa. Wọ́n fi ọ̀pá kan ibi tí ògiri méjì ti pàdé. "Rincón nìyí. Ti inú ilé."

Mo sáré gbé bírò wá, wọn ò gbà á. Àpò léèsì ìyá mi kún ibẹ̀ dé àjà.

"Mi ò ní kọ ọ́. Ẹ ní ẹ ti fàyè sílẹ̀, ẹrù ni mo rí."

Ìyá mi fajú ro. "Màmá, ibo ni kí n kó o sí? Ọjà mi ni o!"

"Ìwọ lò ń wá ọmọ-ọmọ, àbí èmi ni?"

Ìyá mi so gèlè wọn le. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àpò. Gbogbo agbo ilé bá wa kó léèsì, sábẹ́ ibùsùn, sórí kọ́bọ́ọ̀dù. A gbálẹ̀, a fọ ògiri, a tẹ́ ẹní. Orí ẹní yẹn gan-an ni Màmá Àgbà jókòó sí kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà yẹn la tó jẹ ẹ̀wà.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìyàwó dé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó nàka: "Rincón?"

Ìyá mi, tí kò gbọ́ Sípáníìṣì kankan, pariwo: "Òun náà nìyẹn!"

Ìyàwó tẹ́ ọmọ síbẹ̀, ọmọ sì sùn. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ pe Màmá Àgbà láìwọ bàtà.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní Marina báyìí. Bí ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan bá ní ìtumọ̀ bíi mẹ́ta, mo máa ń dìde lórí àga. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní, "Ó di ibo?"

Èmi á ní mò ń lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, bóyá ẹrù ṣì wà níbẹ̀ ni.