Ẹjọ́ Ariwo Tí A Dá Nínú Mọ́tò Ramsbottom

Nínú gbogbo ẹjọ́ tó wà lórí ìkéde kóòtù náà, èyí tí mo rò pé kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú ni mo mú. Bí mo ṣe máa ń ṣe nǹkan nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé ẹran síwájú àwa mélòó kan, èyí tí ẹlòmíràn kò wò ni mo máa ń mú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ọkàn mi kì í kàn balẹ̀ tí mo bá rò pé ẹnìkan ń wo abọ́ mi.

Kóòtù tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn ènìyàn bá fi kan àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Europe wà ní ilẹ̀ Faransé. Kí wọ́n tó gbé ìdájọ́ jáde, wọ́n á ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára pé ní ọjọ́ báyìí, ẹjọ́ lágbájá pẹ̀lú orílẹ̀-èdè báyìí ni àwọn máa dá. Wọn kì í sọ ẹni tó jàre. Ohun tí ẹ̀sùn náà dá lé lórí nìkan ni wọ́n máa ń sọ ní ṣókí. Mo ka òfin ní yunifásítì nílùú Manchester níbí, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń ka àwọn ìkéde yẹn, bí àwọn mìíràn ṣe ń wò ó pé ọjọ́ wo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ́fíìsì kékeré kan wà láàárín ìlú tó ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ní kí n mú ẹjọ́ kan tí kóòtù náà kò tíì dá, kí n sọ ẹni tó yẹ kó jàre, kí n sì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi nígbà tí wọ́n bá ń ta kò mí. Físà tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ti ń lọ sópin. Tí wọ́n bá gbà mí, wọ́n á bá mi ṣe ìwé tuntun. Tí wọn kò bá gbà mí, mo máa padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ohun ìtìjú rárá láti padà sílé. Mo máa ń tún un sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé kì í ṣe ohun ìtìjú, títí tó fi wá ń dà bí ohun ìtìjú.

Ẹjọ́ tí mo mú jẹ́ ti màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé lókè ilé ọtí, ní orílẹ̀-èdè kan tí mi ò dé rí. Ó ní orin wọn kì í jẹ́ kí òun sùn, pé ife inú kọ́bọ́ọ̀dù òun máa ń gbọ̀n, pé òun ti kọ̀wé sí ìjọba títí ó fi sú òun, wọn ò sì ṣe ohun tó yẹ. Ẹjọ́ tó kù lórí ìkéde náà jẹ́ ti ẹlẹ́wọ̀n, ti oníròyìn, ti ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Mo rò ó pé ta ni ọ̀rọ̀ ariwo máa bí nínú?

Mo gbàgbé àwọn tí a jọ ń wọ mọ́tò.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe nígbà yẹn, ní Ramsbottom, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Bury. Bàbá kan láti ìjọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú kan náà, òun ló sì máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa láàárọ̀ láti Gorton, àdúgbò tí à ń gbé. Obìnrin ìjọ wa kan tí à ń pè ní Áǹtí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, máa ń jókòó níwájú. Èmi ni mo máa ń wà lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì oúnjẹ gbogbo wa.

Dádì yìí kan náà ló ń bójú tó sípíkà àti makirofóònù ní ìjọ wa ní Whalley Range. Áǹtí ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn rẹ̀ ò nílò makirofóònù rárá, ṣùgbọ́n Dádì ò lè gbà kó kọrin láìmú un lọ́wọ́. Kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí aládùúgbò ìjọ wa kan fẹjọ́ sùn ní kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kánsù sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo wá lọ́jọ́ Àìkú. Inú Dádì bàjẹ́ gan-an. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n ń wọn gàrí, òun mọ̀ pé wọ́n ń wọn aṣọ, òun ò mọ̀ pé wọ́n ń wọn ìyìn.

Àwọn èèyàn tí mo wá gbé ẹjọ́ màmá yẹn sílẹ̀ fún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn, kí n lè fi wọ́n dánra wò.

Dádì gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Ó wá ní, “Ṣé kì í ṣe pé ilé ọtí yẹn ti wà níbẹ̀ kí màmá yẹn tó kó débẹ̀?”

Mo ní rárá, màmá ló kọ́kọ́ débẹ̀.

“Ṣé ó tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn? Kó kí wọn dáadáa, kó bẹ̀ wọ́n, kó tó máa gbé odidi ìjọba lọ sí kóòtù?”

“Òótọ́ ni, sà,” ni mo wí.

Áǹtí yíjú padà wò mí. “O ti gbà fún un nìyẹn. Ẹjọ́ ti parí.”

Mi ò gbà fún un o. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé tí àgbàlagbà bá sọ̀rọ̀, òótọ́ ni sà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ó túmọ̀ sí pé mo gbọ́, àti pé ẹni tó sọ ọ́ jù mí lọ. Ohun tí mo rò gan-an á wá jókòó sínú ikùn, á máa dúró de àyè. Wọ́n ti pọ̀ nínú ikùn mi débi pé wọn ò ríbi jókòó mọ́. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé gbogbo èyí fún Áǹtí, àlàyé náà sì gùn láti ibi tí a wà títí dé ọ̀nà ńlá tó lọ sí Bury. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ṣé àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ náà máa ní sùúrù báyìí?

Bí ilé ẹjọ́ inú mọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Áǹtí di adájọ́. Dádì ní òun lòun máa jẹ́ ìjọba, pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò jẹ ìjọba rí, kí wọ́n jẹ́ kí òun tọ́ ọ wò. Èmi ni mo dúró fún màmá. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń pàdánù. Ìjọba ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni, sà. Ìjọba ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí náà bímọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun. Òótọ́ ni, sà. Ìjọba ní ìgbà tí òun kéré, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ló wà lábẹ́ fèrèsé àwọn, òun sì sùn, òun sì ga. Áǹtí á gbé ohùn adájọ́ wọ̀, á ní ìjọba jàre, kí màmá lọ ra òwú kó fi dí etí. Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá Dádì jiyàn, nítorí mo rò pé ẹnu mi máa le síi níbẹ̀. “That is very true, sir,” ni mo tún gbọ́ lẹ́nu ara mi.

Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, inú mi sì ń dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí lábẹ́ ẹ̀rín náà. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe máa ṣe níwájú àwọn òyìnbó yẹn gan-an nìyẹn. Wọ́n á ta kò mí, màá ní òótọ́ ni, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, màá sì máa lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, Dádì ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Màmá yẹn ò fẹ́ káwọn ẹlòmíràn yọ̀ ni. Irú wọn pọ̀.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe màmá yẹn ló ń bá wí. Aládùúgbò ìjọ wa ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun kan sì wà tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin yẹn tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

“Mi ò gbà, sà,” ni mo wí.

Ohùn mi kéré, àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Áǹtí gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní màmá yẹn ò bínú ayọ̀ ẹnikẹ́ni, yàrá tirẹ̀ ló ń bèèrè fún. Mo wá ní, “Ẹ má bínú, sà. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo jáde láti gbé fóònù lọ́jọ́ Àìkú kan, mo rí i. Inú mọ́tò rẹ̀ ló jókòó sí níwájú ilé ara rẹ̀, pẹ̀lú tíì àti ìwé ìròyìn, ó ń dúró kí a parí. Kò bínú. Ó tiẹ̀ juwọ́ sí mi.”

Mo gbé báàgì oúnjẹ mọ́ àyà. Mo ti ń rò ó pé ó lè ní kí n sọ̀kalẹ̀, mo ti ń wo ojú ọ̀nà bóyá ibùdókọ̀ wà nítòsí. Mo tún ń rò ó pé, bí mo bá sọ̀kalẹ̀, oúnjẹ wọn ń kọ́?

“Ó juwọ́?” ni Dádì wí.

“Ó juwọ́, sà.”

Ó wa mọ́tò lọ díẹ̀. “Kí ni màmá yẹn wá ń fẹ́ kí èmi ìjọba ṣe? Kí n pa orin àwọn èèyàn ni?”

“Rárá, sà. Kí ẹ yí i wálẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ kọjú rẹ̀ síbòmíràn.”

Áǹtí ní lónìí yìí, ìjọba jẹ̀bi. Dádì ní òun ò gbà, òun ń lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, pé adájọ́ yìí ti jẹ mọ́ínmọ́ín ọwọ́ olùpẹjọ́. Áǹtí jẹ ẹ́ lóòótọ́, mo ti fún un ní ọ̀kan láàárọ̀ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Apá kan omi yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rín, ara tó tù mí ló fà á.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó dè mí ní ọ́fíìsì náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán, ó wá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe pé ẹni tó bá ń gbé ìgboro gbọ́dọ̀ fara da ariwo ìgboro? Ojú tó fi wò mí, ojú àgbàlagbà ni. Ẹnu mi ti múra láti sọ gbólóhùn àtijọ́ náà, òótọ́ ni. Mo gbé e mì. Mo ní mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mi ò sì gbà, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo sọ ìdí rẹ̀ pẹ́ débi pé obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní mo lè mu omi díẹ̀.

Wọ́n pè mí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ramsbottom, mo ń ká aṣọ ibùsùn. Wọ́n gbà mí. Mo lọ sọ fún Áǹtí, ó sì kọrin ọpẹ́ láàárín ilé ìtọ́jú yẹn. Àwọn àgbàlagbà ń pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Dádì gbọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní “Lọ́yà mi,” ó sì rìn kọjá kíákíá nítorí kò fẹ́ kí n rí ojú òun.

Kóòtù náà dá ẹjọ́ ariwo ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Màmá pàdánù. Wọ́n ní ìjọba ti wọn ariwo náà, ó ti bu owó ìtanràn lé ilé ọtí, ó ti ní kí wọ́n máa tètè tilẹ̀kùn, pé ìwọ̀n ohun tó yẹ ló ṣe. Inú mi ò dùn fún màmá, mo sì sọ ọ́. Dádì ní tirẹ̀ fọn fèrè mọ́tò ní Hyde Road bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ó ní kí n ka ìdájọ́ náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n to gbogbo ohun tí ìjọba ṣe sí, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Ó ní, “Àṣé ìjọba tó jàre yìí kò kàn jókòó lásán.” Lọ́jọ́ Àìkú, a bá sípíkà ńlá níbòmíràn, ó ti kẹ̀yìn sí ògiri aládùúgbò. Dádì ní ohùn Áǹtí ló dára jù lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi òun ní nǹkan kan.

Láàárọ̀ tí mo lọ sí Ramsbottom kẹ́yìn, Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí màá ṣe máa lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Ó ní bọ́ọ̀sì ni kí n máa wọ̀. Mo ní ọkọ̀ ojú irin yá jù ú lọ. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni, sà, mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọkọ̀ ojú irin Gorton kì í wá lásìkò. Mo ní bọ́ọ̀sì náà kì í wá lásìkò. Ó ní èmi ọmọ àná yìí. A kọjá Bury, a ò tíì gbà fún ara wa. Adájọ́ ti sùn lọ níwájú.