Ọjọ́ Tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́ Mi Gbọ́ Ẹjọ́ Mi

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú obìnrin kan àti ọmọdé kan la ọjọ́ kan náà já, nígbà tí ọwọ́ èmi nìkan kò ká àwọn méjèèjì.

Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré wa ní Abereke. Obìnrin náà bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Mo gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. A gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, mo ti ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn pa, mo bá a lọ sí Igbókòdá, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà. A kò tíì jìnnà tí wọ́n fi gbé ọmọ tí gìrì mú dé ilé ìwòsàn wa. Obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi lórí omi. Wọ́n tukọ̀ gbé ọmọ náà lọ síbòmíràn. Ara rẹ̀ yá, àmọ́ bàbá rẹ̀ fẹjọ́ mi sun ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó fún wa níwèé àṣẹ iṣẹ́, tí wọ́n sì lè gbà á padà.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, awakọ̀ ojú omi tó ń gbé mi lọ wò mí, ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ ń gbọ̀n ju ẹ́ńjìnnì mi lọ." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín. Ìjọ wa ló rán mi nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ mi, ojú wo ni n ó fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ìbá ṣe pé lọ́yà tàbí ọlọ́pàá ló fẹ́ bi mí léèrè, ẹ̀rù ìbá dín. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, a kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án.

Nígbà tí mo dé iwájú ìgbìmọ̀, wọ́n bi mí ta ni mo fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kò sí. Àgbà obìnrin kan nínú wọn gbójú sókè, ó bi mí pé,

"Nínú ọkọ̀ yẹn, níbo ni ọwọ́ rẹ wà?"

"Lórí ikùn obìnrin náà ni, mà. Mò ń fọwọ́ ra ilé ọmọ rẹ̀ kó lè le, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya."

"Bí o bá gbé e kúrò ńkọ́?"

"Ì bá ti kú, mà."

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mò ń ka Sáàmù, n kò mọ èyí tí mò ń kà mọ́. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ní ó tọ́ bí mo ṣe bá obìnrin náà lọ, torí kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àìfi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kò tọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún mi gidigidi, wọ́n ní kí n kọ́ obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìtọ́jú gìrì, ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ wọn yóò sì wá wò ó bóyá mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kò gba ìwé àṣẹ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run fi ẹni tó mọṣẹ́ sí ìtòsí yín lọ́jọ́ àìsàn. Bí ẹ bá sì dúró níwájú ẹni tó ń bi yín léèrè, kí àánú bá yín dúró.