Raili Vornanen àti Ìbéèrè Ojú Kọ̀ǹpútà

Raili Vornanen kì í ṣe ẹni téèyàn máa ń tètè kíyè sí nínú ọ́fíìsì wa ní Kuopio, lórílẹ̀-èdè Finland. Igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí ló jókòó sí, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bébà ní Kajaani ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ọkọ rẹ̀ ti lọ fẹ́ ẹlòmíì, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ṣì wà níléèwé. Ó forúkọ sílẹ̀ níléèwé àwọn àgbà, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ ogún ọdún, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó máa ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kù lọ, pé ohun kan ṣoṣo tóun fi yàtọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun máa ń ka ohunkóhun tóun bá kọ.

Ẹ̀rọ bíréèlì ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Pẹlẹbẹ ni, iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ohunkóhun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà, àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ orí ẹ̀rọ yìí á yọ sókè, wọ́n á tò ó ní àmì bíréèlì, afọ́jú á sì fi ìka kà á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò lè dá ẹ̀rọ tí wọn ò fi hàn án mọ̀. Ètò kan gbọ́dọ̀ wà tó máa ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, òun ni wọ́n ń pè ní díráfà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí tábìlì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ń kọ díráfà. Ti Raili ni láti kọ ìwé àṣẹ tó máa gbé díráfà náà wọnú kọ̀ǹpútà oníbàárà: ohun tí kọ̀ǹpútà máa fi dá ẹ̀rọ mọ̀, ibi tó máa kó fáìlì sí, èyí tó máa kọ́kọ́ yọ kúrò, ohun tó máa ṣe tí nǹkan kan bá dí i lọ́nà. Gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bí irínwó ìlà lọ. Tí ìwé náà bá ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé èèyàn kan jókòó kọ ọ́.

Àwọn ọkùnrin yẹn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Reijo, tó dàgbà jù nínú wọn, á ní, "Raili, àwa la kọ́lé o, ìwọ kàn ń bá wa ṣílẹ̀kùn ni."

Raili ò ní gbójú sókè. "Ẹ máa gba ojú fèrèsé wọlé nígbà náà."

Èmi, Hannele, èmi ni mo máa ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Mo ní ìdáhùn bí ogójì tí mo ti kọ sílẹ̀, mo kàn máa ń yan èyí tó bá bá ìbéèrè mu ni. Oníbàárà kan wà tí mi ò lè gbàgbé, Taavi Honkasalo, tó ń gbé ní Lapinlahti. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la máa ń gbé díráfà tuntun jáde, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún náà ni lẹ́tà rẹ̀ máa ń dé. Kì í gùn. "Ẹ̀rọ yín tún ti yadi." Èmi náà á fi ìdáhùn kejìlá ránṣẹ́ sí i: ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tẹ "Mo gbà" níbi tí ẹ bá ti rí i.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù February, ó dá èsì padà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kọ: "Ojú kọ̀ǹpútà wo?"

Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo kà á sókè nígbà tá a ń mu kọfí, àwọn ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì rẹ́rìn-ín. Raili ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bi mí pé ta ló máa ń bá bàbá yẹn tẹ ibi tí mò ń ní kó tẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n kó gbogbo lẹ́tà bàbá náà wá fún òun. Mẹ́sàn-án ni. Ó kà wọ́n bó ṣe máa ń kàwé. Èmi tí mo ti dáhùn gbogbo wọn, mi ò mọ ohun tó wà nínú ìkarùn-ún àfìgbà tó fi ìka tọ́ka sí i. Bàbá náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé etí òun ò gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ ò wúlò fún òun, ìka òun nìkan lòun fi ń kàwé. Ó ní nígbà tí ẹ̀rọ yadi lọ́tẹ̀ yẹn, Vieno, obìnrin àdúgbò tó máa ń bá òun wò ó, ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Oulu, ó sì di ọjọ́ kọkànlá kó tó dé. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, òun ò ka nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé gbogbo èsì tí mo ń fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó yadi yẹn náà ló yẹ kó fi kà á.

Raili kọ̀wé sí i pé ṣé òun lè wá. Ó dáhùn pé kó wá ní Thursday, kọfí á ti wà lórí tábìlì ní aago mẹ́wàá. Ilpo Tuhkanen, ọ̀gá wa, ní ilé iṣẹ́ ò rán ẹnikẹ́ni lọ kí oníbàárà nílé. Raili ò bá a jiyàn, ọjọ́ kan nínú ìsinmi rẹ̀ ló yọ. Èmi náà yọ ọjọ́ kan. Kò bẹ̀ mí, ojú ara mi ló ń tì mí.

Ojú irin la gbà lọ. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀ ní Lapinlahti, ṣùgbọ́n omi ti ń kán látorí òrùlé. Taavi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó ga, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gba ayọ́ọ̀nù. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìwé ilé ẹjọ́ ló ń túmọ̀ láti èdè Rọ́ṣíà àti Swedish. Èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀ kó tó lè gbọ́. Ó bu kọfí fún wa láìdà á sílẹ̀, ó gé wàràkàṣì sórí búrẹ́dì dúdú.

Raili bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. "Ẹ ṣeun tí ẹ gbà wá láyè, bàbá. Ohun tá a bá wá ni pé kí ẹ—"

Taavi gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ ti rìn láti Kuopio wá jókòó sídìí tábìlì mi. Ẹ jẹ́ ká fi 'ẹ' yẹn sílẹ̀. Taavi lorúkọ mi."

"Raili lèmi."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílẹ̀ wa tí àgbà bá gbà kí wọ́n máa pe òun ní "ìwọ". Mo sọ orúkọ tèmi náà, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Látìgbà yẹn lọ, "ìwọ" là ń pe ara wa.

Raili ti mú díráfà tuntun dání, èyí tá ò tíì fún oníbàárà kankan. Ó ní, "Taavi, bá mi fi sínú kọ̀ǹpútà ẹ. Ṣe é bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé yìí."

Taavi ki okùn ẹ̀rọ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà láìtáràrà. Ó tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ yẹn, ó ń dúró. Ìwé lọ́yà, ìyẹn àdéhùn tí oníbàárà gbọ́dọ̀ gbà kí díráfà tó lè wọlé, yọ lójú kọ̀ǹpútà, gígùn gbọọrọ, "Mo gbà" sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kankan ò yọ sókè, torí díráfà àtijọ́ ti kúrò, tuntun ò sì tíì wọlé. Ìka rẹ̀ rìn láti òsì dé ọ̀tún, ó padà sí òsì. Mo na ọwọ́ kí n bá a tẹ̀ ẹ́, Raili di ọwọ́ mi mú. A jókòó bẹ́ẹ̀. Mò ń wo agogo ara ògiri, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tá a fi ń wo bàbá tó ń fọwọ́ pa ohun tí kò sọ nǹkan kan fún un.

Níkẹyìn, Taavi ní, "Ó ń bi mí ní nǹkan báyìí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló ń béèrè?"

Raili fa àga sún mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀, ó sì ka ìwé lọ́yà náà fún un látòkèdélẹ̀. Kò fo ìlà kan. Taavi tẹ́tí sí i bí ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní ìpínrọ̀ kẹrin àti ìkeje ò bára wọn mu, kí wọ́n tún un kọ. Raili kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà Taavi bi í léèrè pé ta ló fi ìbéèrè yẹn síbẹ̀.

"Èmi ni," Raili dáhùn. "Èmi ni mo máa ń kọ ọ́."

"O ò mọ̀ pé mi ò ní lè rí i ni?"

"Mi ò rò ó dé ibẹ̀. Ó sì yẹ kí n rò ó."

Taavi gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Kò bínú, bó bá tilẹ̀ bínú, kò hàn lójú ẹ̀. Ó ní, "Vieno kì í kọ̀ tí mo bá pè é. Èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ mo ti ń kàwé kí wọ́n tó bí i. Tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ pé kó wá bá mi jẹ́ kí ìwé mi ṣí, ṣe ló máa ń dà bíi pé mò ń tọrọ."

Nínú rélùwéè tó ń gbé wa padà, Raili ń tún ohun tó kọ sílẹ̀ kà títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Siilinjärvi, nítòsí Kuopio. Ìgbà yẹn ló wá sọ pé, "Ọdún mọ́kànlá, Hannele. Èmi tí mo máa ń kàwé lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ni mo fi ń kà á lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Nǹkan méjì ló fẹ́ yọ kúrò. Ìkíní ni ìwé lọ́yà yẹn. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní bíréèlì, kí oníbàárà kà á kó sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tó bá gba ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kejì ló le. Tí wọ́n bá tẹ "Mo gbà" tán, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tún máa ń béèrè bóyá oníbàárà fọkàn tán ẹni tó ṣe díráfà náà. Kí ìbéèrè yẹn tó lè lọ, díráfà àti ìwé àṣẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ la àyẹ̀wò àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà kọjá, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ yẹn, ẹ ò lè yí lẹ́tà kan padà láìbà á jẹ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé máa tún èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ṣe. Wọ́n kọ̀. Ilpo gbè sẹ́yìn wọn, ó ní oníbàárà kan ṣoṣo ló ń ráhùn.

Raili gbé kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ kan sórí tábìlì ìpàdé, ó pa ojú kọ̀ǹpútà náà, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbé díráfà wọ̀ ọ́. Ilpo gbìyànjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ó dìde, ó ní eré ọmọdé nìyẹn. Reijo jókòó pẹ́ jù ú lọ. Ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí abẹ́rẹ́, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó dúdú. Nígbà tó dìde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti yí èrò òun padà, ó kàn padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ní Monday, ó bi Raili léèrè ibi tí ìwé àyẹ̀wò náà wà.

Iṣẹ́ yẹn gbà wá títí di oṣù October. Kò sì lọ geere. Nínú ìwé àṣẹ tuntun yẹn, Raili gbàgbé láti yọ díráfà àtijọ́ kúrò lára àwọn kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́. Ògbufọ̀ méjì wá ń jà lórí ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ èèyàn méjìdínlógún sì yadi, ti Taavi wà níbẹ̀. Ilpo pè wá jọ, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Raili ní òun ni, ó sọ ìlà tó jẹ́. Kò mẹ́nu kan àyẹ̀wò òǹtẹ̀ tó ń pọ́n wa lójú nígbà yẹn, kò mẹ́nu kan àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọn ò bá a yẹ iṣẹ́ náà wò. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi pe ẹbí àti aládùúgbò gbogbo àwọn méjìdínlógún náà. Vieno ló gbé fóònù ní Lapinlahti, ó sì sọ fún Raili pé Taavi ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, pé ó kéré tán, lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó bi òun ní ìbéèrè.

Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún lu òǹtẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, téèyàn bá ki okùn ẹ̀rọ wa bọ kọ̀ǹpútà, kò ní béèrè nǹkan kan. Tó bá ti ṣe tán, àwọn abẹ́rẹ́ á yọ sókè, wọ́n á tò ó pé: "Ó ti parí, máa kàwé lọ." Raili ló fúnra rẹ̀ yan ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́tà Taavi dé lọ́sẹ̀ kejì. Ó kọ ọ́ pé òun ti ka lẹ́tà náà fúnra òun kóun tó fi ránṣẹ́, pé àṣìṣe méjì lòun rí, òun sì ti tún wọn ṣe.

Mo pa èyí tó pọ̀ nínú ìdáhùn ogójì yẹn rẹ́. Èmi kì í ṣe ẹni tó nítẹríba fún iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún yẹn, mi ò tún ka lẹ́tà oníbàárà kankan sókè nídìí kọfí mọ́.

Raili ò gba oyè kankan, Ilpo ò sì fìgbà kan sọ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Raili ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà sí i, ó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Kajaani. Òun àti Taavi ń kọ̀wé síra wọn títí Taavi fi kú, ìyàtọ̀ èrò wọn lórí ibi tí àmì ìdánudúró yẹ kó wà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà náà. Ó lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ lójú yìnyín. Nígbà tí mo lọ kí i níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, a dáná sauna, ìyẹn ilé ìwẹ̀ tó máa ń gbóná janjan, a jókòó síta láti tu ara, mo sì bi í bóyá iṣẹ́ yẹn máa ń sọ sí i lọ́kàn. Ó ní rárá. Ó tún wá ní ìlà tó yẹ kó yọ díráfà àtijọ́ kúrò, tóun gbàgbé yẹn, nìkan ni, pé nígbà míì tóun bá ń fọ abọ́, òun á kàn ṣàdédé tún un kọ lọ́kàn, lọ́nà tó yẹ kóun ti gbà kọ ọ́.