Ọjọ́ Tí Mo Bẹ Eyín Kó Dùn Mí

Ògiri ilé ìtọ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ọgbọ́n tí mo ní. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò BEPC lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta mi ò tiẹ̀ débẹ̀ mọ́, mo lọ di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìwé kan ṣoṣo tí mo kà délẹ̀ láyé mi ni bébà tí ọ̀gá wa lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìtọ̀ ní gáráàjì wa l'Adakpamé. Ó ní nítorí ọtí, igbó àti tramọ́ọ̀lù, gbogbo dẹ́rẹ́bà á máa tọ̀ sínú ife, wọ́n á sì máa fẹ́ ẹnu sí ẹ̀rọ kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ jáde. Ojú ewé mẹ́ta, Faransé pọ́ńbélé. Ṣé torí kí n lè pa òfin mọ́ ni mo ṣe kà á? Rárá o. Ihò tí mo lè gbà sá ni mò ń wá.

Mi ò rí ihò, ni mo bá gbẹ́ tèmi. Mo sọ fún àwọn dẹ́rẹ́bà pé ẹni tó bá mu epo pupa ife kan, ẹ̀rọ ò ní gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu ẹ̀. Fofo kan, bẹ́ẹ̀ la ń pe ẹ̀gbọ́n níbí, gbà mí gbọ́. Ẹ̀rọ mú un, ìgbẹ́ gbuuru náà mú un, ọ̀sẹ̀ kan ló fi jókòó sílé. Látìgbà yẹn, tí mo bá ní ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo ìta.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo ti ń nu táyà, mo gba ìwé ìwakọ̀. Ọ̀gá ní kí n fúnra mi wa kámíọ̀n sìmẹ́ńtì lọ sí Sokodé. Bí mo ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, akokoro dìde sí mi. Màmá mi, tí kò fẹnu kan ọtí rí, ló lọ tọrọ sódábì, ògógóró wa níbí, lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ó rẹ kànáfùrù sínú ẹ̀.

"Fi sẹ́rẹ̀kẹ́. O ò gbọdọ̀ gbé e mì o! Ó yá, tu ú dànù!"

Ó dúró tì mí bí ọlọ́pàá jàǹdáámù títí mo fi tu ú. Eyín dákẹ́. Ó bu ìyókù sínú ìgò pénpé fún mi. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì gáráàjì, eyín tún sọ̀rọ̀, ni mo bá tún bù ú sẹ́nu, mo tu ú, mo wọlé lọ fẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ka bébà délẹ̀ nìyẹn o!

Ìtọ̀ mi mọ́ lóló. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ ẹnu sí ẹ̀rọ, iná pupa tàn, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá," ni ọ̀gá wí. Ta ló gbé e fún? Fofo elépo!

"Ọ̀gá, mi ò mu ún! Mo kàn fi sẹ́nu fún eyín ni."

"Ṣé eyín ló wá mu ún?"

Gbogbo gáráàjì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ òótọ́ níbẹ̀ nìyẹn, ó sì le ju irọ́ lọ. Àfi bí ògiri ilé ìtọ̀ ṣe sọ sí mi lọ́kàn.

"Ojú ewé kejì! Ẹni tí ọtí bá kan ẹnu ẹ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó má jẹ, kó má mu, kó tún fẹ́ ẹ!"

"Sáyẹ́ǹsì ẹ̀ tún ti dé," ni Fofo wí.

"Òótọ́ ló sọ," ni màdáámù nọ́ọ̀sì tó mú ẹ̀rọ dání dáhùn. "Ta ló kà á fún ẹ?"

"Èmi ni."

Ó wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ kí ní bonjour.

Wọ́n fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Fofo dúró síwájú mi, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ mi, ṣaworo, ṣaworo. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, eyín ò dùn mí. Ẹ̀rù bà mí: tí eyín bá ṣì ń sùn, a jẹ́ pé sódábì ṣì wà nílé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́: "Eyín mi, jọ̀ọ́, dùn mí. Dùn mí dáadáa." Nígbà tó ku díẹ̀ kí àkókò pé, ó mira. Lẹ́yìn náà ló wá já mi jẹ bí ajá. Omi bọ́ lójú mi, mò ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, ó ń ronú pìwà dà," ni Fofo wí.

Mo dìde, mo fẹ́ ẹ.

"Òdo," ni màdáámù wí. "Òdo gbáko."

Láti kékeré ni mo ti ń gba òdo nílé ìwé, ẹgba ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Òdo yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún! Ọ̀gá da ìgò mi nù, ó ní kí n dúró lọ́nà ra oògùn gidi ní fáámásì. Fofo ju kọ́kọ́rọ́ sí mi: "Gbà, dókítà eyín."

Mo gun orí ìjókòó dẹ́rẹ́bà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí búrẹ́dì. Kí n tó tan ọkọ̀, Màmá mi pè.

"Ṣé eyín yẹn ti fi ẹ́ sílẹ̀?"

"Rárá o, Màámi, ó ń dùn mí gan-an! Ẹ bá mi dúpẹ́!"