Wọ́n Ní Àǹtí Ò Bá Ẹnikẹ́ni Jà Rí

Lọ́jọ́ tí a sin Àǹtí, onílé tó lé e jáde ni alága ètò. Ó wọ agbádá funfun, ó di aṣọ ìnujú mú, ó ń nu ojú tí kò sí omi kankan níbẹ̀. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Sùúrùlérè ló na bébà kan sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé jù nínú àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Ìwọ ni wàá bá àdúgbò ka ọ̀rọ̀ ìdágbére." Mo gbà á.

Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Iṣẹ́ taìpù ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nínú yàrá iwájú ilé tí èmi àti ìyá mi ń gbé ní Pápá Àjàó. Taipuráítà mẹ́fà ló ní. Ọ̀kan ò ní lẹ́tà "e", bírò la fi ń kọ ọ́ sí i. Opó ni, kò bímọ. Ó kúrú, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Tó o bá ṣe àṣìṣe, á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á ní, "Tún un tẹ̀." Ó parí nìyẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa. Ayé ológun la wà, àwọn ọlọ́pàá sì ń kó èèyàn bí ẹni ń kó adìẹ. Àǹtí ló rán mi lọ ra bébà ní Yábàá. Mo ń dúró de ọkọ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, oòrùn ò tíì wọ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ ọmọbìnrin yòówù tí kò bá ọkùnrin dúró. Wọ́n ní aṣẹ́wó ni wá. Àwa mẹ́jọ ni wọ́n kó. Ọ̀kan nínú wa ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀ bọ̀ láti Ìlúpéjú. Ní àgọ́ wọn, sájẹ́ǹtì kan fi ọ̀pá gbé etí síkẹ́ẹ̀tì mi sókè, ó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun wá wò ó. Wọ́n wá wò ó. Títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀rín wọn, itọ́ kíkorò á kún ẹnu mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi dé tẹkúntẹkún. Bàbá mi ti kú. Sájẹ́ǹtì ní kó lọ mú ọkùnrin wá, pé obìnrin kì í ṣe onídùúró. Ó sáré padà lọ bẹ onílé wa. Onílé ní òun ò lè fi orúkọ òun sábẹ́ ọ̀rọ̀ aṣẹ́wó. Ìgbà yẹn ló tó sọ fún Àǹtí.

Sẹ́ẹ̀lì wa ò jìnnà sí káńtà, nítorí náà a gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Àǹtí ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá dúró fún àwọn ọmọ yìí."

"Màdáàmù, obìnrin kì í gba béèlì èèyàn níbí. Lọ mú ọkọ ẹ wá."

"Ọkọ mi ti kú. Mo níṣẹ́, mo ń san owó orí, ibi tí mò ń gbé ò farasin. Níbo ni òfin ti ní obìnrin ò lè dúró? Ẹ fi hàn mí, mo mọ̀wé kà."

Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu mi ni òfin wà."

Ọkùnrin kan máa ń jókòó síwájú àgọ́ náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fọwọ́ síwèé fún ẹni tí kò mọ̀ rí, kí wọ́n fún un ní nǹkan fi mutí. Kò nílé, kò lọ́nà, òórùn ògógóró ń jáde lára ẹ̀, àmọ́ ọkùnrin ni. Sájẹ́ǹtì nawọ́ sí i, ó ní, "Lo eléyìí."

Àǹtí wá sẹ́nu irin sẹ́ẹ̀lì wa. Ó rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, bí ọkùnrin yẹn bá fọwọ́ sí i, wàá lọlé báyìí. Àmọ́ bí wọ́n á ṣe máa ṣe é lọ nìyẹn. Èmi fẹ́ jókòó síbí títí wọ́n á fi gba orúkọ mi. Kí lo wí?"

Mo ní, "Àǹtí, mo fẹ́ lọlé."

Kò bá mi wí. Ó ní, "Ó dáa." Ọ̀mùtí yẹn fọwọ́ sí i, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Àwọn méje yòókù ń wò mí. Mo rò pé Àǹtí á tẹ̀ lé èmi àti ìyá mi lọlé ni. Àfi bó ṣe lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Kò mọ ìkankan nínú àwọn méje yẹn rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú àgọ́ ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Wọ́n pè é lájẹ̀ẹ́, wọ́n ní ọkọ ló ń wá. Wọ́n gbá omi tí wọ́n fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, nígbà tó ṣàn lọ tán, ó gbé e padà sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí ọ̀gá àgọ́ bá ń kọjá, á dìde, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo wá dúró fún àwọn ọmọ méje." Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ náà sú ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé fún un. Ẹ̀ẹ̀meje ni Àǹtí fọwọ́ sí i.

Ẹ ò ha ní í rò pé àdúgbò á gbé e jó? Wọ́n ní obìnrin tó bá ti mojú àgọ́ ọlọ́pàá ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ló kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, ìyẹn èmi tó tìtorí ẹ̀ lọ sí àgọ́. Kò tó oṣù méjì, onílé ní kó kó jáde, pé ilé òun kì í ṣe kóòtù. Mo wà lójú fèrèsé nígbà tó ń to taipuráítà rẹ̀ sínú ọmọlanke. Mi ò sọ̀ kalẹ̀ lọ ràn án lọ́wọ́.

Ìdí-Òro ló kó lọ. Níbẹ̀ náà, tí wọ́n bá ti mú ọmọ ọlọ́mọ, á gbé báàgì rẹ̀, ó di àgọ́. Nígbà míì wọ́n á gbà fún un, nígbà míì wọ́n á tì í jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbé e lọ. Torí kò lọ́mọ tó máa sin ín, àwọn ará àdúgbò wa gba ètò ìsìnkú rẹ̀, wọ́n fi onílé ṣe alága.

Nígbà tí wọ́n pè mí síwájú, mo ṣí bébà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Ìyá àlàáfíà ni, ẹni pẹ̀lẹ́ tó mọ ipò obìnrin, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí..." Mo gbójú sókè. Onílé ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ń mirí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n tún òkú náà wẹ̀, tí wọ́n wá fọ ohun tó dáa jù lára rẹ̀ dànù. Èmi náà, tí mo di bébà wọn mú, mo rí ara mi bí ẹ̀gbin.

Mo ní, "Irọ́ ni. Àǹtí jà. Ó jà fún èmi tí mo sá fi í sílẹ̀. Ó jà fáwọn tí kò mọ̀ rí. Bàbá tó kọ ìwé yìí, òun ló lé e nílé..."

Onílé ti dìde. "Ẹ kọrin! Ẹ kọrin!" Kíá, àwọn akọrin gbé e, ẹnìkan sì gba makirofóònù lọ́wọ́ mi. Orin ọ̀run rere ni wọ́n kọ lé mi lórí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Mo jáde. Obìnrin kan tẹ̀ lé mi láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbọ́mọ pọ̀n. Ó ní òun wà lára àwọn méje. Ó bá mi dúró lábẹ́ igi fúrúùtù, ó ní, "Nígbà tó o lọ, a ṣépè fún ọ. Àǹtí ló ní ká dákẹ́. Ó ní, 'Ẹ̀rù ló ba ọmọ yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀.'"

Mo fẹ́ kó sọ pé Àǹtí bú mi. Mo tún bi í léèrè. Ó ní rárá, kò bú mi.

Ìgbà tí wọ́n parí ìsìn, onílé jáde sí wa, ẹ̀rín ti padà sójú rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Ìbànújẹ́ ló ń ṣe ẹ́. Ó yá, ẹ wá jẹun." Ìyá mi ti wà nídìí ìrẹsì, ó ń juwọ́ pè mí. Mo yí padà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.