Ẹni Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fọ́tò Iléyá

Ọdún Iléyá ni gbogbo wa máa ń pé jọ sílé bàbá mi ní Òwu. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe l'Ékòó, tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀ lójoojúmọ́, kámẹ́rà sì ni mo fi ń tu ara mi lára. Lọ́dún yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lẹ́ǹsì agbòòrò kan, irú èyí tó lè gba odindi ilé àti èrò iwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ayàwòrán rìn sẹ́yìn. Mo tún ra fílítà pólàráísà, gíláàsì roboto tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì. Béèyàn bá ń yí i, dídán orí páànù á lọ, sánmọ̀ á sì máa dúdú sí i bí aṣọ tó ń mu aró.

Ẹni tó tà á fún mi kìlọ̀. "Ọ̀gá, ẹ má lò ó mọ́ lẹ́ǹsì tó fẹ̀ tó báyìí o. Ojú sánmọ̀ ò ní dọ́gba, etí fílítà náà á sì hàn nínú fọ́tò."

Mo ní mo ti gbọ́. N ò gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí a pa àgbò tán, a tò síwájú ilé. Bàbá jókòó láàárín, ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn yòókù dúró lẹ́yìn. Màmá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá mi, ló dé kẹ́yìn, torí ẹran ni wọ́n ń dín lẹ́yìnkùlé. Àwọn ló tọ́ mi nígbà tí ìyá mi ń ná ọjà káàkiri. Ẹ̀yìn wọn ni mo sùn títí mo fi mọ̀ ọ́n rìn. Wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó sí ìparí ìlà, wọ́n gbọ́wọ́ lé èjìká ọmọ mi obìnrin.

"Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Mà."

Sánmọ̀ ni mò ń wò. Mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní ó ti parí, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lórí kọ̀ǹpútà, mo rí ohun tí mo ṣe. Àárín sánmọ̀ dúdú kirikiri, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì funfun. Etí fílítà ti bo igun ìsàlẹ̀, ibi tí Màmá Kékeré jókòó sí. Lẹ́ǹsì ti fa ojú wọn gbọọrọ, òkùnkùn sì gba ìdajì rẹ̀. Mo gbìyànjú láti tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kò gbà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ fọ́tò ní Òkè-Ìlewó. Ó ní, "Igun yìí ló bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká gé e."

Mo mọ ẹni tó wà nígun yẹn. Mo wá ní, "Ẹ gé e."

Nígbà tí a gbé e kọ́ sí pálọ̀, gbogbo ilé ń yìn mí. Màmá Kékeré sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n fi ìka kan èjìká ọmọ mi lára gíláàsì.

"Ọwọ́ mi rèé," ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé: fílítà báyìí, lẹ́ǹsì báyìí. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. "Ó dáa, ọmọ mi. O kú iṣẹ́." Wọ́n padà sídìí ẹran wọn. Àlàyé ni mo ṣe; n ò sọ pé ẹ má bínú.

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo yọ fílítà, mo fi àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mo pè wọ́n. Wọ́n dáhùn láti ilé ìdáná: "Ẹ máa yà á, ẹran mi ń jó lọ." Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dún tó tún tẹ̀ lé e.

Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Ìbarà ni wọ́n ń gbé báyìí. Láìpẹ́ yìí mo lọ kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ní kí wọ́n gé igun yẹn, mo ní ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. Wọ́n ní kí n dìde, kí n jẹun. Mo jẹ ẹ́, wọn ò sì wo ojú mi títí mo fi jẹun tán.