Ẹni Tó Wà Nínú Bàálù Náà

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun igbó lẹ́yìn Kubwa ní Àbújá níbí, tí òórùn koríko jíjó sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, abúlé àwọn Gbàgyí yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìwọ náà kúkú mọ̀ mí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ìjọba ń wá ilẹ̀ rà ní Lokogoma, ibi tí bàálù àwọn ológun já sí nígbà ogun abẹ́lé ni èmi ń wá kiri. Ìyàwó mi a ní kí n bá òun bi àwọn bàálù náà bóyá wọ́n ní ilẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ tà.

Màmá àgbà kan nínú ìjọ wa ló sọ eré náà di iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń wa bàálù kékeré fún àwọn ológun nígbà ogun náà. Wọ́n ránṣẹ́ sílé pé ó ti kú, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ibi tó kú sí, ẹnikẹ́ni ò sì gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti ìyá wọn wá jẹ́ méjèèjì pọ̀. Títí ìyá náà fi kú ló ń béèrè bóyá ẹnì kan tilẹ̀ bu erùpẹ̀ bo ọmọ òun, àbí inú igbó ló jẹrà sí. Ìbéèrè yẹn ni Màmá jogún. Ó ní bí mo bá lè mú òun débẹ̀, òun á bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí òun sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àwọn.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ló júwe fún mi òkè tí bàálù ẹ̀gbọ́n Màmá forí sọ nínú ọyẹ́, nígbà tí Àbújá ò tíì di olú-ìlú. Mo dá lọ sí abúlé tó wà nídìí òkè náà, mo ń fi téèpù wọn ibí, mo ń ya fọ́tò ọ̀hún. Gbogbo wọn ní bàálù kankan ò já níbẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ara bàálù ni wọ́n fi bo ilé adìyẹ tó wà níwájú mi.

Nígbà kejì, mo mú Màmá lọ. Kí n tó kí wọn tán ní “sànnu,” ó ti kúnlẹ̀ síwájú baálẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mo fi Hausa sọ ẹni tó ń wá. Baálẹ̀ wá kọjú sí mi.

“Ẹni tó bá wọnlẹ̀ níbí, ilé wa ni ìjọba máa ń wó lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá lé wa lọ, ta ni yóò máa gbá ojú oórì rẹ̀?”

Ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló mú wa lọ. Abẹ́ igi òrí kan ni oórì náà wà, wọ́n to òkúta yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bàbá baálẹ̀ ló gbé òkú náà sọ̀kalẹ̀ látorí òkè, ó ní ẹni tó kú sórí ilẹ̀ òun tí kò ní ará nítòsí, òun ni ará rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí iṣu tuntun bá jáde, wọn kì í jẹ ẹ́ kí wọ́n tó gbálẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n sì tún òkúta rẹ̀ tò. Màmá jókòó sílẹ̀, ó sunkún títí ẹkún náà fi di ẹ̀rín. Èmi náà sunkún, kí n má parọ́ fún ọ.

Nígbà tó yá, mo na àpò tó mú wá sí i, kí ó bu iyẹ̀pẹ̀. Ó mi orí.

“Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní èèyàn níbí.”

Baálẹ̀ ní àwọn àna òun kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí ẹni wọn tó wà nínú ilẹ̀ ti di ara ilé òun. Iṣu ló kó kún àpò náà. Màmá gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó gún un fún gbogbo ẹbí wọn.

Mo ṣì máa ń lọ kí wọn nígbà iṣu tuntun, mo sì máa ń fi téèpù sílé. Oore tí wọ́n ṣe wá pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ jù ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì parọ́ fún mi nítorí ọmọ ọlọ́mọ.